Gìtá tí mo fẹ́ rà bọ̀ láti London: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà á rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Gìtá_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin olórin ẹgbẹ́ mi. Èmi ni mò ń lu gìtá ní ìjọ wa ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ó ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí. Alábà ni mo ti ra èyí tí mò ń lò. Orúkọ ńlá wà lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá tò ó kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ká tó dé orin ìyìn kejì, ohùn ti yẹ̀. Tí mo bá tẹ fúrẹ́ẹ̀tì (àwọn irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn gìtá) karùn-ún lórí okùn tó tín-ín-rín jù, kì í dún, á kàn máa ṣe bí ìgbà tí ọmọdé ń fi igi họ páànù.

Àbúrò mi obìnrin ń ṣègbéyàwó ní London lóṣù kẹwàá, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo máa lò níbẹ̀. Ìjọ dá £300 fún mi, èmi náà fi £400 kún un. Ohun tí wọ́n ní kí n rà bọ̀ ni gìtá kan tí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara (jùjú là ń ṣe jù nígbà ìyìn), áńpù (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè) kékeré kan, àti máíkì tí kò ní wáyà fún pásítọ̀.

Ṣé tuntun ni kí n rà ni àbí tòkúnbọ̀? Àdúgbò wo ni kí n lọ? Wọ́n tún sọ fún mi pé wọ́n máa ń dá owó VAT (owó orí ọjà) padà fún àlejò ní pápákọ̀ òfurufú, ṣé òótọ́ ni? Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni bí mo ṣe máa gbé e wọ bààlúù. Ẹ ràn mí lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n_Peckham

Àbúrò, kú oríire ìgbéyàwó o.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò ní dùn mọ́ ọ nínú: ọ̀rọ̀ VAT yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Títí di òpin ọdún 2020, àlejò tó bá ra ọjà níbí lè gba owó náà padà kó tó wọ bààlúù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021, ìjọba ti pa á tì ní England, Scotland àti Wales. 20% tó wà nínú owó ọjà, tiwọn ni. Ọ̀nà kan tó kù ni kí ilé ìtajà fúnra wọn fi ọjà náà ránṣẹ́ sí òkè òkun láì kàn ọ́ lọ́wọ́, owó ìfiránṣẹ́ á sì jẹ gbogbo èrè ibẹ̀. Iye tó o bá rí lára gìtá ni iye tó o máa san, fi ṣírò owó ẹ báyẹn.

Ibi tí wàá lọ ni Denmark Street. Bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Tottenham Court Road, kò jìn sí i rárá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà kékeré yẹn dé òpin rẹ̀, gìtá ló kún gbogbo fèrèsé. Iṣẹ́ ojú irin tuntun àtàwọn ilé ńlá tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ti lé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ilé ìtajà Regent Sounds ṣì wà ní nọ́ńbà 4. Sítúdíò ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ olórin Rolling Stones ti ṣe àwo ńlá wọn àkọ́kọ́ ní 1964. Ilé ìtajà Hanks náà ṣì wà. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ni kó o lọ. Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń gbìyànjú orin kan náà ló máa ń kún ibẹ̀, o ò ní gbọ́ ohùn gìtá tó wà lọ́wọ́ ẹ. Wọ́n á fún ọ lága, wọ́n á so ó mọ́ áńpù fún ọ, kò sì sí ẹni tó máa bi ọ́ pé ṣé o fẹ́ rà á àbí o ò fẹ́ rà á.

Ọ̀rọ̀ nájà: kì í ṣe Dùgbẹ̀ lo wà, má dá a sí ìdajì. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń bi wọ́n pé tí mo bá sanwó lónìí, kí ni wọ́n máa fi lé e. Báyẹn ni mo ti gba àpò, okùn méjì, àti pé kí wọ́n tún ọrùn rẹ̀ tò kí n tó gbé e.

Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti fẹ́ ra tuntun, lo ojúlé àbúrò ẹ. Òfin ibí fún oníbàárà tó bá ra ọjà láìrí i sójú ní ọjọ́ 14 láti sọ pé òun ò fẹ́ mọ́. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kó o rà á, má jẹ́ kó di ọjọ́ tí ò ń dì ẹrù.

Tòkúnbọ̀ wà lórí ìkànnì Gumtree àti Facebook Marketplace. Ilé ẹni tó ń tà á ni kó o lọ, kó o so ó mọ́ áńpù tiẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ pàdé lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin, tí ò fẹ́ kó o gbọ́ ohùn rẹ̀, jẹ́ kó máa lọ.

Alátùn-únṣe_Mushin

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ibi tí wọ́n ti ń rà á, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń tún gìtá ṣe. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi, ká ní ẹni tó rà á fi ìṣẹ́jú márùn-ún wò ó dáadáa, kò ní rà á.

Kó o tó so ó mọ́ áńpù rárá, gbé e sójú bí káfíńtà ṣe ń wo pákó. Wò ó láti orí lọ sí ìdí. Ó yẹ kí ọrùn náà fẹ́ẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ síwájú, díẹ̀ tí wàá fi rò pé ó tọ́ gan-an. Tó bá lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀, ìyẹn ti bọ́, kò sí irin tó máa tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ ra etí ọrùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí etí fúrẹ́ẹ̀tì bá ń gé ọ lọ́wọ́ bí ayùn, igi náà ti gbẹ ju bó ṣe wà nígbà tí wọ́n ṣe é. Ní London, kékeré ni. Jẹ́ kí ọyẹ́ oṣù Kejìlá fẹ́ sí i n'Ìbàdàn kó o wá wò ó.

Tẹ gbogbo fúrẹ́ẹ̀tì lórí gbogbo okùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ẹ̀. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta. Fúrẹ́ẹ̀tì karùn-ún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ní Mọ́kọ́lá, bó ṣe rí lọ́jọ́ tó o rà á nìyẹn, o ò tẹ̀ ẹ́ wò ni.

Yí àwọn bọ́tìnì ohùn. Tí wọ́n bá ń ṣe "kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀", ìdọ̀tí ni, má fi ìyẹn kọ gìtá sílẹ̀. Fi dín owó rẹ̀ kù. Wo ẹ̀yìn ọrùn níbi tó ti pàdé orí. Ìlà tín-ín-rín bí irun tó bá wà níbẹ̀, ó ti ṣẹ́ rí nìyẹn, wọ́n sì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Àwọn gìtá irú Gibson ló máa ń ṣẹ́ níbẹ̀ jù, torí igi mahogany ni ọrùn wọn, orí wọn sì dà sẹ́yìn ní ìwọ̀n dígírì bíi 17. Irú Fender tí orí wọn kò dà sẹ́yìn, tí skúrù sì mú ọrùn wọn mọ́ ara, ló bá ìrìnàjò mu. Ìdí kejì á jáde tá a bá dé ọ̀rọ̀ bààlúù.

Ayédèrú: tó o bá rí Gibson olówó pọ́ọ́kú, wo ìbòrí kékeré tó wà lórí rẹ̀ níbi tí irin inú ọrùn ti yọ. Skúrù méjì ni Gibson máa ń fi sí i. Ọ̀pọ̀ ayédèrú ń lo mẹ́ta.

Ohun kan tí àwọn ará London kì í rántí: gìtá tí pikọ́ọ̀pù rẹ̀ (ohun abẹ́ okùn tó ń gbé ohùn lọ sí áńpù) kọ̀ọ̀kan jẹ́ oníkọ́ìlì kan ṣoṣo, irú Stratocaster (Strat) ti Fender tí àwọn onijùjú fẹ́ràn, máa ń kùn bí ilé oyin nítòsí jẹnẹrétọ̀ àti iná gígùn orí àjà. Ṣọ́ọ̀ṣì tí iná rẹ̀ kò sì ní wáyà ilẹ̀ (earth) tó dáa, ariwo náà á le sí i. Wàá gbọ́ tó máa dákẹ́ tó o bá fọwọ́ kan okùn, tó tún máa padà tó o bá gbọ́wọ́ kúrò. Má bínú sí gìtá. Elekitiríṣíàn ni kó o pè. Pikọ́ọ̀pù oníkọ́ìlì méjì kì í kùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ máa ń nípọn, kò ní ta ṣánṣán fún jùjú. Èmi á mú Strat.

Ará_Houston

Kí gbogbo yín tó sọ ọ̀rọ̀ áńpù, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Mo gbé áńpù onígíláàsì kan (irú tó ní tíúùbù bíi gílóòbù nínú) láti ibí lọ fún ìjọ bàbá mi l'Abẹ́òkúta. Ó wúwo bí ọlọ. Amẹ́ríkà, 120V. Nàìjíríà, 230V. Mo kọ ọ́ sí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, mo tún ra tiransifọ́mà tó ń dín iná kù. Ọjọ́ Àìkú kejì, ẹnì kan fẹ́ fi ihò tiransifọ́mà yẹn gba agbára sínú fóònù, ó fa áńpù yọ, nígbà tó ń dá a padà, ara ògiri ló kì í bọ̀. Èéfín jáde. Wọ́n ní òórùn rẹ̀ ò kúrò nínú kọ́tíìnì fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ìwọ London lò ń lọ ní tìẹ, iná wọn àti tiwa bára mu, 230V, 50Hz, ẹnu wáyà onígun mẹ́rin mẹ́ta yẹn kan náà. Ìyẹn oore ni. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, kó wo sítíkà tó wà lẹ́yìn ohun tó fẹ́ rà. Tí wọ́n bá kọ "100–240V, 50/60Hz" síbẹ̀, kó máa gbé e bọ̀, ẹnu wáyà nìkan ló máa pààrọ̀. Tó bá jẹ́ "120V 60Hz" nìkan ni wọ́n kọ, kó fi sílẹ̀ níbẹ̀. Tiransifọ́mà ò sì lè yí Hz (iye ìgbà tí iná ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) padà.

Máíkì tí kò ní wáyà: ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n ń tà ní gbàǹjo níbí. Láti ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2020, ìjọba Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n má lò ó mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi láàárín 616 sí 698 MHz (nọ́ńbà ojú afẹ́fẹ́ tí máíkì ń gbà), torí wọ́n ti ta ojú afẹ́fẹ́ yẹn fún àwọn onífóònù. Àwọn tó ní in ń wá ẹni tí wọ́n máa dà á lé lórí. Wọ́n á sọ fún ọ pé "ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa." Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́.

Ilé ìtajà ibí náà kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Sam Ash tó ti wà láti 1924 kógbá wọlé ní 2024. Guitar Center ṣì wà, wọ́n sì máa ń ní yàrá tòkúnbọ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Peckham

Lórí máíkì, ibí náà ní tiẹ̀. Kéèyàn tó lo 606 sí 614 MHz, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. 863 sí 865 ni ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó bá bá ibí mu kò túmọ̀ sí pé á bá Ìbàdàn mu. Ra máíkì Shure SM58 oníwáyà fún pásítọ̀, kó fi wáyà rìn káàkiri. Bàbá tiwa náà fi wáyà ṣe é fún ogún ọdún, a sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Gìtá_Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ pásítọ̀ wa. Ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó máa ń dé ẹnu ọ̀nà. Wáyà á wé mọ́ ẹni tó ń gba ọrẹ lẹ́sẹ̀.

Ẹ ṣé gan-an. Áńpù tó wúwo bí ọlọ yẹn ti jáde nínú ìwé mi. Ṣé ẹnikẹ́ni ti rà ní Japan rí? Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ń lọ síbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó ní òun lè bá mi rà á.

Ìyá_Kíbọ́ọ̀dù

Mo ti lọ sí Tokyo, ọmọ mi. Ochanomizu ni àdúgbò tí wọ́n ń pè é, o lè wọ ọkọ̀ ojú irin Chuo débẹ̀. Tó o bá jáde, gẹ̀rẹ́ òkè lo máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ lọ, ilé ìtajà gìtá sì wà lọ́tùn-ún lósì, àwọn mìíràn ní àjà mẹ́rin márùn-ún, àjà kan fún bẹ́ẹ̀sì nìkan. Kíbọ́ọ̀dù ni mo bá lọ. Ọkàn mi balẹ̀ bí ìgbà tí mo wọ Ọjà Ọba lọ́jọ́ tí owó wà lọ́wọ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe ń kọ àbùkù ọjà tòkúnbọ̀. Ìwé kékeré so mọ́ ọrùn gìtá kọ̀ọ̀kan: ibi tó ti họ, fúrẹ́ẹ̀tì tó ti jẹ, ohun tí wọ́n ti pààrọ̀. Àbùkù tí ẹni tó ń tajà nílé á fi ọwọ́ bò, àwọn ni wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀ fún ọ. Bí o kò bá gbọ́ èdè wọn, ya ìwé náà kí fóònù túmọ̀ rẹ̀ fún ọ.

Kí ẹ̀gbọ́n yẹn má gbàgbé ìwé ìrìnnà. Owó orí ọjà wọn jẹ́ 10%, àlejò tó bá rà tó 5,000 yen níbi kan náà kì í san án. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń yọ ọ́ lórí káńtà. Wọ́n ti kéde pé láti oṣù kọkànlá ọdún 2026, wàá kọ́kọ́ san gbogbo ẹ̀, wàá wá gbà á padà nígbà tó o bá ń kúrò. Kó wo èyí tó bá wà lóde nígbà tó bá débẹ̀.

Iná wọn ni kó ṣọ́ra fún. 100V ni, ó tún kéré sí ti Amẹ́ríkà. Gìtá fúnra rẹ̀ ò jẹ iná, ṣùgbọ́n adápítọ̀ pẹ́dà (ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà) tó bá gbà níbẹ̀, kó bi wọ́n. Tèmi, mo ra kíbọ́ọ̀dù tí sítíkà rẹ̀ ní 100–240V, mo sì ń lò ó títí dòní. Ẹ jọ̀ọ́, kíbọ́ọ̀dù náà lórúkọ o, gbogbo yín kàn ń sọ gìtá gìtá.

Bẹ́ẹ̀sì_Kútọnu

Ẹ káalẹ́. Àwa ti Kútọnu, Paris là ń gbà. Àdúgbò Pigalle, rue de Douai àti àwọn òpópónà tó yí i ká. Ní ti VAT, ilẹ̀ Faransé ṣì ń dá tiẹ̀ padà fún ẹni tí kò gbé ní orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ European Union: ohun tó o rà níbi kan náà gbọ́dọ̀ lé ní 100 euro, kó o fi ìwé ìrìnnà hàn, kí wọ́n tẹ ìwé détaxe (ìwé ìgbowó-orí padà) fún ọ. Ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Pablo, wàá fi ìwé náà sí i lójú. Ṣe é kó o tó fi ẹrù sílẹ̀, torí kọ́sítọ́ọ̀mù lè ní kí o mú ọjà náà wá. Kì í ṣe gbogbo owó ló máa padà, àwọn alágbàṣe á bù tiwọn lé e. Jámánì náà ń ṣe é.

Ní ti bààlúù, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kẹ́ ẹ gbọ́n. Bẹ́ẹ̀sì mi àkọ́kọ́, àpò aṣọ ni mo fi gbé e. Ẹnu ilẹ̀kùn bààlúù ni wọ́n ti ní kò sáyè mọ́, wọ́n gbà á, wọ́n kó o sísàlẹ̀. Mi ò tú okùn rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i nílé, orí rẹ̀ ń mì bí ọrùn adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń dì í mú. Ìyàwó mi ní kí n jókòó kí n tó wò ó tán. Wọn ò san kọ́bọ̀ fún mi, wọ́n ní èmi ni mo gbé e sínú àpò rírọ̀.

Alátùn-únṣe_Mushin

Ó dùn mí. Irú rẹ̀ ti wọ ìsọ̀ mi tó mẹ́wàá.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kó jẹ́ gìtá oní-skúrù. Àpótí líle gìtá iná, tẹ́ ẹ bá ro gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ pọ̀, ó lè tó 160 sẹ̀ǹtímítà tàbí kó lé. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bààlúù, 158 ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó bu owó lé e. Nítorí náà, tú u. Ẹ̀yìn ibi tí ọrùn ti wọ ara, irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó ní skúrù mẹ́rin. Kọ́kọ́ tú okùn kó rọ̀ pátá. Tú skúrù díẹ̀díẹ̀, ní ìkọ̀ọ̀kan, má tú ẹyọ kan tán kó o tó kan èkejì, torí igi ọrùn lè ya. Ọrùn Strat kò tó 70 sẹ̀ǹtímítà, àpótí ìrìnàjò ńlá á gbà á. Ara rẹ̀ kò ju àtẹ tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ àlejò lọ. Fi aṣọ wé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Skúrùdíráfà, inú ẹrù tó ń lọ sísàlẹ̀ ni o.

Skúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó wọn sínú ọ̀rá kan, kó o fi téèpù lẹ ọ̀rá náà mọ́ ara gìtá. Mo tún un sọ: fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara gìtá.

Ẹ̀gbọ́n_Peckham

Èmi ò fara mọ́ títú u. Mo ti gbé gìtá wọ inú bààlúù tó ìgbà mẹ́fà, nínú àpò tó nípọn, mo máa ń tètè dé síbi ìlà, mo máa ń kí àwọn òṣìṣẹ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Wọ́n ti bá mi fi sí ibi tí wọ́n ń kọ́ aṣọ sí rí. Tó bá sì jẹ́ tuntun tó ní wọ́ráńtì, má tú u o, torí tó o bá fẹ́ dá a padà láàárín ọjọ́ 14, wọ́n á rí ojú skúrù tó ti họ.

Ará_Houston

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rín ò ṣeé fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn bààlúù Amẹ́ríkà nìkan ni òfin mú: òfin 2012 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2015 sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kó o gbé gìtá wọlé tí àyè bá wà lókè orí nígbà tó o wọlé. Ìyẹn ni pé ẹni tó tètè wọlé ló ni àyè. Àwọn tó ń ná London sí Èkó, kálukú pẹ̀lú òfin tiẹ̀. Kí àbúrò ka ti ẹni tó fẹ́ wọ̀.

Ọlọ́jà_Ìdúmọ̀tà

Mi ò mọ orin, ọjà ni mo mọ̀. Gìtá kan fún ìlò ara ẹni, ẹrù ara ẹni ni. Tó bá di márùn-ún, ọjà ni, bí kọ́sítọ́ọ̀mù ṣe máa wò ó nìyẹn. Fi rìsíìtì sọ́wọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ iye èké síbẹ̀ fún ọ. Tí tòkúnbọ̀ bá jẹ́ ti ẹnì kan lórí ayélujára, tọ́jú ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ lórí fóònù.

Gìtá_Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé o! Ẹ jẹ́ kí n ṣírò owó fún yín bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ fún ìjọ.

Mo lọ sí Denmark Street láàárọ̀ Ọjọ́rú bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ní kí n ṣe. Wọ́n fún mi lága. Mo dán gìtá mẹ́rin wò. Ìkẹta wọn, mo ta ìyìn díẹ̀ lórí rẹ̀, ọmọkùnrin tó wà ní káńtà pa orin tó ń gbọ́ kó lè tẹ́tí sí i. Kò ní ariwo, kò yẹ̀. £649. Mo gbé e kọ́ padà sára ògiri, mo dúpẹ́, mo jáde.

Ní ọjọ́ kejì, mo rí gìtá irú Fender kan, Squier Classic Vibe, lórí Marketplace, ní Lewisham, £270. Bàbá kan tí irun rẹ̀ ti funfun ló ń tà á. Mo gbé e sójú bíi káfíńtà, ó bú sẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá pákó ni mo wá rà. Mo tẹ gbogbo fúrẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ẹ̀. Ó lọ po tíì, ó bọ̀, mo ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Ọrùn tọ́, etí fúrẹ́ẹ̀tì ò gé ọwọ́, ẹ̀yìn orí mọ́. Bọ́tìnì ohùn ń ṣe "kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀", mo yí i sí i létí, ó gbà £250.

SM58 méjì, £180. Mo gbé ọ̀kan sórí ìwọ̀n tí àbúrò mi fi ń wọn ìyẹ̀fun, ó fi 300 gíráàmù hàn. 298 ni ilé iṣẹ́ náà kọ. Èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí wọ́n rà ní Alábà, mo gbé òun náà sórí ìwọ̀n nígbà tí mo dé, kò tó 240. A ti ń fi í wàásù láti ọdún mẹ́fà. Okùn gìtá páálí 12, £84. Pẹ́dà alápapọ̀ tòkúnbọ̀ tó ní ohùn áńpù nínú, £90, adápítọ̀ rẹ̀ 100–240V, tààrà ni mò ń so ó mọ́ míkísà. Wáyà, £30. Gbogbo rẹ̀ £634. £66 tó kù, ọkọ̀ ojú irin jẹ ẹ́. Pásítọ̀ ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa lórí wáyà.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, mo tú gìtá náà lórí tábìlì ìdáná àbúrò mi. Aṣọ òkè tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà ni mo fi wé ọrùn rẹ̀, mo fi àwọn aṣọ ẹbí sán ara rẹ̀ láàárín. N'Ìkẹjà, ọ̀gá kan fọwọ́ kan àpótí mi, ó ní, "Igi kí nìyí?" Mo ní, "Ọrùn gìtá ni, sà." Ó ní, "Ara ẹ̀ ńkọ́?" Mo ní ó wà lábẹ́ agbádá. Ó wò mí títí, ó ní kí n máa lọ.

Kò sí ohun tó fọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo: mo dé Mọ́kọ́lá, mo tú ọ̀rá skúrù, mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀.

Alátùn-únṣe_Mushin

Mo ní kó o fi téèpù lẹ̀ ẹ́.

Gìtá_Mọ́kọ́lá

Mo lẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mẹ́ta ni mo lẹ̀. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àwòrán ìkẹrin ránṣẹ́ sí mi, abẹ́ fíríìjì ló ti rí i nígbà tó ń gbálẹ̀.

Alátùn-únṣe_Mushin

Mo ní irú ẹ̀ nínú agolo nílé, má wulẹ̀ jẹ́ kó fi ránṣẹ́. Mo máa fi lé awakọ̀ lọ́wọ́ sí gáréèjì Ìwó Road lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n má fi skúrù mẹ́ta fa okùn le. Fi sílẹ̀ títí n óò fi fi í ránṣẹ́.

Gìtá_Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, a ti lò ó lánàá. Ìyìn gba wákàtí kan àti àbọ̀. Kò yẹ̀.